Píìnì Tí Japhet Kò Fi Ránṣẹ́

Yàrá Kẹrìnlá, Ilé Akẹ́kọ̀ọ́,
Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, 1980.

Àǹtí mi Salome,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru, ẹ kú ìdáná. Ṣé orúnkún Màmá ti ń fún wọn láyè díẹ̀? Èmi náà wà láàyè. Wọ́n ní ìgbà ooru la wà níbí, súwẹ́tà méjì ni mo sì wọ̀ kọ lẹ́tà yìí.

Inú mi dùn púpọ̀ pé ìjọ ti yan Màmá ṣe Ìyá Ìjọ, àti pé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ni wọn yóò gbé ọ̀já oyè lé wọn léjìká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Albert tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà dùn mí dé egungun. Wọ́n ní ọmọ Susanna, ìyẹn èmi, ti lọ sókè òkun láti ọdún mẹ́rin, kò fi píìnì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Ó dáa. Oko ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìsinmi yìí, à ń wú pòtétò. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣa pòtétò, mo rí nǹkan kan tó ní àwọ̀ ewé láàrin yẹ̀pẹ̀. Mo fi itọ́ nù ún. Àṣé búróòṣì ni, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń há aṣọ mọ́ èjìká. Orí rẹ̀ rí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Mo fọ̀ ọ́, mo fi epo pa á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wuyì.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Òun ni kí wọ́n fi há ọ̀já náà lọ́jọ́ oyè. Ẹ bá mi sọ fún wọn.

Àbúrò yín,
Japhet.

*

Ilé Oúnjẹ Salome,
Airport Road, Kánò.
Ọjọ́ 21, oṣù Keje, 1980.

Japhet,

Mo kí ọ. Màmá kí ọ. Ọmọ mi Yínká náà kí ọ, ní Haúsá, torí pé gbogbo Yorùbá tí mo bá bá a sọ, Haúsá ló fi ń dá mi lóhùn. Ìkíni ti tó.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Màmá nínú ilé ìdáná. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ìrẹsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná mọ́ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé ọgọ́ta òṣìṣẹ́ ló ń jẹun lọ́dọ̀ mi ní aago méjìlá. Mi ò sọ pé aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo dìde ní àsìkò ìjẹ́rìí. Mo sọ fún gbogbo ìjọ pé búróòṣì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ó fi há ọ̀já Ìyá Ìjọ, Japhet ló ń fi ránṣẹ́. Halelúyà sọ. Wòlíì Adékànmí ní àwọn ti rí ohun kan tó ń kọ mọ̀nà lójú ìran láti ìgbà Àjíǹde, pé àwọn kàn ń dúró kí ó fara hàn ni. Ìyá Albert kò ṣe halelúyà. Ìborí rẹ̀ ló ń tún ṣe. Ó sì dá mi lójú pé o kò gbàgbé bó ṣe máa ń ṣe: láti orí káńtà aṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Noman's Land ló ti fi ara rẹ̀ joyè Ìyá Ìjọ kí ìjọ tó yan ẹlòmíràn.

Ètò ló kù báyìí. Ètò ni wọ́n kọ́ mi ní Pólì fún ọdún méjì, nítorí náà gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí, ará òpópónà wa, wà ní London. Ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ló ń padà bọ̀, ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ sí Kánò níbí ló máa wọ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Fi búróòṣì sínú páálí, fi òwú sí i nínú, kí ó sì tẹ Olújìmí lọ́wọ́ kí ó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Má dúró di ọjọ́ kọkàndínlógún.

Màlámù tó ń rán ọ̀já náà fún wa ní Gwagwarwa ti sọ "gobe" fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀la tí télọ̀ ń pè ní gobe kò sí lórí kàlẹ́ńdà. Gobe ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè fara dà lọ́dún. Má fi tìrẹ kún un.

Salome Ọláyọdé.

*

Ilé Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, 1980.

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Bàbá tó ni oko rí búróòṣì náà lọ́wọ́ mi. Ó ní ilẹ̀ òun ti ń hu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ayé bàbá òun, pé kí n mú un lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìlú, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, kí wọ́n bá wa wò ó. Mo mú un lọ. Obìnrin onígíláàsì kan ló wà níbẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó wò ó. Ó tún gbé gíláàsì mìíràn lé ti ojú rẹ̀, ó wò ó. Ó wá fa àga, ó jókòó.

Àǹtí mi, búróòṣì náà ti tó ẹgbẹ̀sán ọdún. Ìgbà tí àwọn ará Róòmù inú Bíbélì ń jọba lórí ilẹ̀ yìí ni obìnrin kan ń lò ó. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ wa dó.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, wọn yóò fún un ní nọ́ńbà, wọn yóò sì kọ ibi tí mo ti rí i àti orúkọ èmi tí mo rí i. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ẹni tó ń ya àwòrán fún wọn ló lọ ìsinmi. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fún mi ní ìwé pé ó wà lọ́dọ̀ wọn. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpòòwé yìí kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ẹ má bínú.
Japhet.

*

Airport Road, Kánò.
Ọjọ́ 30, oṣù Kẹjọ, 1980.

Japhet,

Wọ́n fún ọ ní ìwé.

O mú búróòṣì ìyá rẹ lọ bá àwọn tí kò pè ọ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n fún ọ ní ìwé pélébé, o sì ń rìn lọ sílé bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn. Bó o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ mi, àwo lo ó máa fọ̀ títí di Kérésì.

Ẹni tó ń ya àwòrán lọ ìsinmi. Ṣé òun nìkan ló ní ọwọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni? Nígbà tí ìyá tó ń gún iyán fún mi lọ bímọ, ṣé ọgọ́ta ọkùnrin ń wo àwo lásán ni? Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn yóò ní ohun tó ti fi ẹgbẹ̀sán ọdún wà nínú ilẹ̀, kí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ lára rẹ̀. Èmi kò sí nínú ilẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo wà, mo sì ti jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ìyá Albert ti ń bi mí ní gbogbo Sọ́ńdè pé, "Salome, ó ti dé?" Ẹnu rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á máa wo àpò mi.

Mo ti kọ̀wé sí mùsíọ́ọ̀mù náà fúnra mi. Àdírẹ́sì wọn wà lórí ìwé tó o fi ránṣẹ́. Ìyẹn ni àǹfààní kan ṣoṣo tí ìwé náà ṣe.

Màmá kò bínú. Wọ́n kàn bi mí ní ìbéèrè kan: "Ta ló sọ ọ́ nù?" Mo ní, Màmá, ẹni náà ti kú. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ṣé ó bímọ?" Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn?

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kò yẹ̀.

Salome.

*

Airport Road, Kánò.
Ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, 1980.

Japhet,

Òní ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mi ò rí lẹ́tà rẹ. Olújìmí sì fi tẹlifóònù sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò mú páálí kankan wá.

Ọ̀rọ̀ ti tún yí. Màmá ní àwọn kò lè fi búróòṣì náà há ohunkóhun àyàfi bí a bá kéde rẹ̀. O mọ òfin ìjọ wa: ohun tí ọmọ ìjọ bá rí he, Sọ́ńdè mẹ́ta la fi ń kéde rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, ẹni tó bá sì sọ pé tòun ni, yóò júwe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kéde ìwé orin, kọ́kọ́rọ́, àti eyín àtọwọ́dá Bàbá Adédèjì lọ́dún 1977. Mo ní Màmá, inú oko òyìnbó ni Japhet ti rí eléyìí. Wọ́n ní, "Orúkọ Japhet wà nínú ìwé ìjọ tàbí kò sí níbẹ̀?" Mo ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Nígbà náà, ọmọ ìjọ ló rí i."

Wòlíì ti gbà. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Fi àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi kíá, bí wọ́n bá ti kọ ọ́, kí n lè mọ bí nǹkan tí mò ń kéde ṣe rí. Mò ń kéde ohun tí mi ò fojú rí. Ẹni tó bá kọ́ òwò kì í ta ọjà báyìí.

Salome.

*

Ilé Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, 1980.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìbínú, ẹ kú ìdúró. Àwọn lẹ́tà yín bá mi.

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí mùsíọ́ọ̀mù náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo rí ìran wò. Ẹ ní ọjọ́ méje lẹ fún wọn. Ẹ ní bí ẹni tó ń ya àwòrán kò bá tíì dé, kí wọ́n wí, pé ẹ ní télọ̀ kan ní Gwagwarwa tó mọ ìlà fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà máa ń pẹ́. Wọ́n ti lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn. Obìnrin onígíláàsì náà sọ ọ̀rọ̀ tó ju mẹ́ta lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ò wá iṣẹ́?" Ẹni tó ń ya àwòrán sì gé ìsinmi rẹ̀ kúrú.

Ó ti parí. Káàdì àkọsílẹ̀ náà ni mo fi sínú lẹ́tà yìí.

Ohun tó kù nìyí. Nítorí pé idẹ ni, tí kì í ṣe wúrà, òfin ibí ní ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ín. Bàbá olóko sì ní èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mú un, kí n máa mú un lọ. Mùsíọ́ọ̀mù ń bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì, ṣùgbọ́n wọn kò fipá mú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ wá sí Kánò ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá. Ó lè mú un dání, yóò sì bá oyè.

Ti Màmá ni mò ń dúró dè. Ẹ fi tẹligíráàmù ránṣẹ́: MÚ UN WÁ, tàbí FI SÍLẸ̀. Èyí tí wọ́n bá sọ ni n ó ṣe.

Japhet.

*

Airport Road, Kánò.
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, 1980.

Japhet,

Tẹligíráàmù á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ: FI SÍLẸ̀. Gbọ́ ìdí rẹ̀ wàyí.

Káàdì rẹ dé lọ́jọ́ Fúráìdè. Mo yìn wọ́n. Wọ́n mọ iṣẹ́. Nọ́ńbà 1980/117, idẹ, gígùn mìlímítà mẹ́tàlélógójì, ìwúwo gíráàmù mọ́kànlá, oko báyìí, ọjọ́ báyìí, J. Ògúnlànà ló rí i. Bí àwọn tó ń kó àlùbọ́sà fún mi bá lè kọ ìwé báyìí, ǹ bá ti sinmi. Ṣùgbọ́n àárọ̀ Fúráìdè kún fún oúnjẹ, mo kà á dé ibi orúkọ wa, mo fi í sínú àpò.

Àná ni ìkéde kẹta. Ti àkọ́kọ́ àti ti kejì, kò sẹ́ni tó dìde. Àná, Wòlíì ní, "Ẹni tó bá sọ búróòṣì nù, kó dìde nígbà ìkẹyìn." Ìyá Albert dìde.

Ó ní òun sọ búróòṣì nù lọ́dún 1974, ní pápákọ̀ òfuurufú Kánò, lọ́jọ́ tí òun ń sin Albert lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun dì mọ́ Albert, òun sì sunkún. Láti ọjọ́ náà lòun kò ti rí i mọ́. Ó ní ó ti há mọ́ kóòtù Albert, ó bá a lọ, ó sì já bọ́ sí oko ẹni ẹlẹ́ni níbẹ̀. Japhet, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́.

Wòlíì wò mí. Mo ní kó júwe rẹ̀ bí òfin ti wí. Ó ní òkúta pupa wà lójú rẹ̀, ó ń dán bíi góòlù, píìnì rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Mo yọ káàdì jáde, mo bọ́ síwájú. Mo ní, "Kò sí òkúta. Kì í ṣe góòlù. Ọjọ́ orí rẹ̀: ẹgbẹ̀sán ọdún."

Ìyá Albert ní, "Mi ò kúkú sọ pé tuntun ni mo rà á."

Wòlíì gbé agogo bo ẹnu. Inú mi ń dùn, ohùn mi ń ròkè, mo ń kà á lọ láti fi pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá: "Ipò tó wà: ó dára. Píìnì ti kán, kò sí níbẹ̀."

Ẹnu mi ti kà á kí etí mi tó gbọ́ ọ.

Ìyá Albert ní, "Salome, jọ̀ọ́, tún ibẹ̀ yẹn kà." Mi ò tún un kà. Ó yíjú sí ìjọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mo ti wí tẹ́lẹ̀. Mo ní kò fi píìnì ránṣẹ́."

Àwọn ará rẹ́rìn-ín débi pé àga kan ṣubú. Haba, Japhet. Ẹni tó fẹ́ ta èèyàn lọ́rẹ ìkòkò, ṣé kò yẹ kó sọ pé kò ní ìdí? Oṣù mẹ́ta ni mo fi sáré kiri lórí búróòṣì tí kò lè há ewé mọ́ igi.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ ti orúnkún, wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Píìnì ló kán. Ìdí tó fi bọ́ nìyẹn. Obìnrin náà ń lọ nínú oko, nínú òtútù tí Japhet máa ń sọ, aṣọ rẹ̀ tú lẹ́yìn, kò mọ̀. Ìgbà tó délé ló tó mọ̀. Á ti padà lọ wá a. Á ti tẹ̀ ba mọ́ ilẹ̀ wá a títí. Kò rí i." Wọ́n yíjú sí Ìyá Albert. Wọ́n ní, "Kì í ṣe tèmi, Ìyá Albert. Kì í sì í ṣe tìrẹ. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìlú tó ti sọ ọ́ nù."

Ìyá Albert rọra jókòó.

Nígbà tí a délé, Màmá tú píìnì kan kúrò lára ìró wọn. O mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n fi de ìlédìí èmi, ti ìwọ, àti ti Yínká. Ó wà nínú bébà tí mo ká yìí. Wọ́n ní kó o mú un lọ fún àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ búróòṣì náà, nítorí bí obìnrin yẹn bá padà wá, kò ní rí ohun tí yóò fi há a. Mo ní, Màmá, mo ti sọ fún yín pé ó ti kú. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o ó fi í sínú lẹ́tà àbí o ò ní fi í?"

Mo fi í síbẹ̀. Ọ̀já náà dé lónìí, ó wúwo, ó sì ń yọ̀ bọ́rọ́ bí ẹja àrọ̀. Ogún ọjọ́ ló kù. Mi ò mọ ohun tí a ó fi há a, mi ò sì fẹ́ kí o fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Salome.

*

Ilé Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, 1980.

Àǹtí mi,

Ẹ forí jì mí. Mo rò pé ẹni tó bá gbọ́ ẹgbẹ̀sán ọdún á mọ̀ pé nǹkan kan yóò ti kán lára rẹ̀. Ọkàn mi ni pé ẹ ó fi òwú rán an mọ́ ọ̀já.

Mo mú píìnì Màmá lọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ fún obìnrin onígíláàsì náà, títí dé ibi òtútù. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó wá lọ mú káàdì tuntun wá. Ó wọn píìnì náà. Gíráàmù méjì. Ó bi mí pé ọdún wo ni wọ́n ṣe é, mo ní ó ṣáájú mi délé ayé. Ó bi mí ní iṣẹ́ tó ń ṣe, mo júwe ìlédìí fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí.

Nọ́ńbà rẹ̀ ni 1980/164. Ó wà nínú àpótí onígíláàsì báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búróòṣì. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: Píìnì. Sabon Gari, Kánò. Susanna Ògúnlànà ló fi ta wá lọ́rẹ. Káàdì Màmá nìyí, kí ẹ fi há ògiri.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí oyè pé, lẹ́tà yìí kò sì ní bá a. Oorun kò kùn mí. Kí lẹ fi há ọ̀já náà?

Japhet.

*

Airport Road, Kánò.
Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, 1980.

Japhet,

Màmá ti di Ìyá Ìjọ. Mo kí ọ kú oríire.

Mo ra búróòṣì lọ́jà Sabon Gari, o mọ̀ pé mi ò lè ṣàì rà á. Ó fọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ilẹ̀kùn ìjọ. Wòlíì gbé ọ̀já lé Màmá léjìká, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún gbé e lé wọn, ó tún yọ̀. Àwọn àlejò láti ìjọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo ń wo ọwọ́ aago. Ìrẹsì àlejò ti wà lórí iná.

Ìyá Albert ló dìde láti ìlà iwájú. Ó bọ́ píìnì kan kúrò lára ìborí rẹ̀, ìborí náà sì já sí i lọ́rùn níwájú gbogbo ènìyàn. Ó gún ọ̀já náà mọ́ Màmá léjìká, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń tẹ aṣọ tí ó bá tà. Ó dúró, kò yọ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé Japhet ló fi ránṣẹ́."

Màmá ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Japhet." Halelúyà sọ.

Káàdì Màmá ti wà lára ògiri, lókè àga wọn. Ẹni tó bá wá kí wọn, kò ní kúrò àyàfi bí ó bá kà á. Ìyá Albert kà á lánàá. Ó ní píìnì tòun náà ṣe iṣẹ́ tó tó kọ sílẹ̀, pé òun fẹ́ mọ nọ́ńbà tí wọn yóò fún un. Píìnì náà wà nínú bébà yìí. Mú un lọ láàárọ̀ ọ̀la, má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé ẹnì kan lọ ìsinmi.

Salome Ọláyọdé.